Ṣé òṣùwọ̀n kan náà la fi ń wọn àwo orin jazz àti àwo orin heavy metal?

Ìbéèrè òǹkàwé: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ jazz àti heavy metal pọ̀. Mo máa ń kọ èrò mi nípa àwo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, n ó sì fún un ní máàkì lórí 10. Kind of Blue ti Miles Davis gba 9 lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n A Love Supreme ti John Coltrane kò ju 5 lọ, nítorí ó máa ń sú mi kí n tó gbọ́ ọ dé ìdajì. Master of Puppets ti Metallica gba 10, Reign in Blood ti Slayer sì gba 4, torí pé gbogbo orin inú rẹ̀ ló jọra létí mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn jazz ní ariwo lásán ni metal, pé ẹni tó bá ń gbọ́ ọ kò lè mọ ohun tó dára. Àwọn tó fẹ́ràn metal náà ní àwọn oní-jazz kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣé etí mi ló ní àbùkù ni? Ṣé ó sì tọ́ kí n máa fi òṣùwọ̀n kan náà wọn méjèèjì?”

Ìdáhùn: Etí yín kò ní àbùkù. Èyí ni mo fẹ́ sọ ṣáájú ohunkóhun, nítorí ó hàn nínú ìbéèrè yín pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín ti wọ̀ yín lára ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ fẹ́ràn àwo jazz kan gidigidi, èkejì tí gbogbo ayé ń yìn bíi tirẹ̀ sì ń sú yín. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú metal. Ẹ wá ń ronú pé bóyá ẹ kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì yé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn jókòó gbọ́ irú àwọn àwo wọ̀nyí, mo sì lè fi dá yín lójú pé àwọn tó ń jẹ́wọ́ ohun tó sú wọn kì í pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń fún A Love Supreme ní 10 nítorí pé wọ́n ti gbọ́ pé 10 ló yẹ ẹ́. Máàkì 5 tí ẹ fún un ṣe wá láǹfààní ju ìyẹn lọ, nítorí òótọ́ inú ni, inú òótọ́ la sì ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà nínú máàkì yín tí ẹ kò mẹ́nu bà. Ẹ to àwọn àwo náà ní méjì-méjì, jazz lápá kan, metal lápá kejì. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n bí ẹ ṣe fẹ́ràn wọn, Kind of Blue àti Master of Puppets ló bọ́ sápá kan, A Love Supreme àti Reign in Blood sì bọ́ sápá kejì. Ẹ wá wo bí àwọn àwo tó wà lápá kan náà ṣe jọra. Nínú Kind of Blue, orin márààrún ló ní ojú tirẹ̀: ọ̀kan ń rìn gbẹ̀fẹ́, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mí, òmíràn jẹ́ blues tó ń fì síwá sẹ́yìn. Nínú Master of Puppets, orin Battery bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá tí kò ní iná rárá kí ìjì tó dé; orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà fúnra rẹ̀ dúró láàárín, ó dẹ ohùn, gìtá méjì kọrin pọ̀ bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, kí ó tó padà sí eré; Orion sì lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ láìsí ẹnu ènìyàn kan nínú rẹ̀. Àwo méjèèjì ń pààrọ̀ ojú, wọ́n ń fún etí ní ìsinmi, wọ́n sì ń jẹ́ kí líle mọ iyì rírọ̀. Àwọn méjì tó sú yín kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbá mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí àwo fi parí. Nítorí náà, ààlà ìfẹ́ yín kò gba àárín jazz àti metal kọjá rárá. Àárín àwo tó ń pààrọ̀ ojú àti àwo tó tẹjú mọ́ ibì kan ló gbà. Ẹni tó bá ń gbọ́ jazz nìkan lè má tètè mọ èyí nípa ara rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹ ń gbọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín kúrò lọ́nà. Ẹni tó ní àwọn oní-jazz kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ kò tíì jókòó ka báà, ìyẹn ìpín kéékèèké tí a fi ń ka orin. Ẹ gbọ́ So What, orin àkọ́kọ́ nínú Kind of Blue. Báà 32 ni odindi rẹ̀. Nínú 16 àkọ́kọ́, orí àtẹ ohùn kan ni gbogbo wọn dúró lé. Nínú 8 tó tẹ̀ lé e, àtẹ náà gòkè ní ìdajì ohùn. Nínú 8 ìkẹyìn, ó padà síbi tó ti wá. Bó ṣe ń yí nìyẹn títí orin fi parí, ẹni yòówù kó máa ṣe sóló, ìyẹn kó máa dá orin tirẹ̀ lù níwájú àwọn yòókù, ìbáà ṣe Davis, Coltrane tàbí Cannonball Adderley, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun wà nínú báà 32 yẹn ní gbogbo ìgbà. Ẹ máa kà á bí fèrè ti ń lọ. Nígbà tí 16 bá pé, ẹ ó gbọ́ tí Bill Evans lórí dùrù àti Paul Chambers lórí béèsì jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ kò lè jọ yà ní oríta kan náà. Òmìnira wà nínú jazz lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé tó ní igun àti ògiri ni wọ́n ti ń lo òmìnira náà, bí a bá sì yọ àwọn olórin díẹ̀ tó mọ̀ọ́mọ̀ wó ògiri yẹn kúrò, bẹ́ẹ̀ ló rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwo tí ẹ ó bá pàdé.

Àwọn tó ní ariwo lásán ni metal gbàgbé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, ọmọ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka rẹ̀ méjì, lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi, nítorí náà ìka tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an ni ẹ̀rọ náà mú lọ. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló gbé àwo Django Reinhardt fún un gbọ́ nígbà tó ti sọ ìrètí nù. Reinhardt yìí ni onígìtá jazz tí iná jó ọwọ́ rẹ̀ ní 1928, tí ó sì ń fi ìka méjì péré ṣe sóló tí ẹni tó ní ìka pípé kò lè ṣe. Iommi yọ́ ike, ó fi ṣe orí ìka fún ara rẹ̀, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn náà kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nínú Master of Reality, tó jáde ní 1971, ìdajì ohùn mẹ́ta ni gìtá náà fi rẹlẹ̀ nínú púpọ̀ nínú àwọn orin. Ìró wíwúwo tí àwọn ẹgbẹ́ metal ń lépa títí di òní ti ibẹ̀ jáde lápá kan. Bill Ward, onílù ẹgbẹ́ kan náà, kì í fi pamọ́ pé Gene Krupa àti Buddy Rich, onílù jazz méjèèjì, ni òun fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ tẹ́tí sí bí ìlù rẹ̀ ṣe ń fì nínú àwo àkọ́kọ́ wọn, tó jáde ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1970, ẹ ó rí i pé kì í lù ú gbọngan bíi ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ pé jazz ló bí metal. Blues ló sún mọ́ méjèèjì jù lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn jazz tó sì ń fi metal ṣẹ̀sín ń bú ìbátan ara rẹ̀.

Ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín wọn wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo, òun ló sì yẹ kó yí ọ̀nà tí ẹ fi ń gbọ́ wọn padà. Àwo jazz, nígbà púpọ̀, jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gba Kind of Blue sílẹ̀ ní sítúdíò Columbia ní New York, ọjọ́ 2 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, ọdún 1959. Bill Evans kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwo náà pé ìlapa lásán ni Davis gbé wá fún wọn, kí wọ́n lè dá orin náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ ń gbọ́ ni ènìyàn tó ń ronú níwájú yín, tí kò sì lè pa ohun tó ti sọ rẹ́. Àwo metal ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ bí a ti ń kọ́ ilé. Metallica lo oṣù mélòó kan ní sítúdíò Sweet Silence ní Copenhagen ní 1985 lórí Master of Puppets pẹ̀lú Flemming Rasmussen, tó bá wọn bójú tó iṣẹ́ náà. Wọ́n ń gba gìtá kan náà sílẹ̀ léra lórí ara rẹ̀ kí ó lè nípọn, ọ̀nà tí riff kan (gbólóhùn gìtá tí a ń tún lù) gbà já sí òmíràn sì ti wà ní ìpinnu kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn. Bí ẹ bá ń retí kí Coltrane fún yín ní ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ báyìí, yóò dà bíi pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò. Bí ẹ bá sì ń retí kí Slayer yà kúrò lójú ọ̀nà bí Coltrane ti máa ń yà, ẹ ó dúró pẹ́. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni Black Sabbath fi gba àwo àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀, ní oṣù kẹwàá, ọdún 1969, bí ẹgbẹ́ jazz ti ń ṣe; ní ọdún kan náà, Davis gba ohun tó di Bitches Brew sílẹ̀, Teo Macero, tó ń bójú tó àwo rẹ̀, sì fi abẹ gé téèpù náà, ó tún un lẹ̀, ó tò ó síra wọn lọ́nà tí olórin kankan kò gbà lù ú. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà wúlò bí ẹ bá fi ṣe àtùpà tí ẹ kò fi ṣe odi.

Mo wá dé orí A Love Supreme, níbi tí mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí mo gbà pé àwo yìí ga ju Kind of Blue lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ìdí tó fi sú yín. Ẹ rántí pé Coltrane kan náà ni. Òun ló ń fọn saxophone nínú àwo tí ẹ fún ní 9. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ ni, Davis tó ń fi ohùn díẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sì wà níbẹ̀ láti tú etí lára. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, ọdún 1964, ní sítúdíò Rudy Van Gelder ní New Jersey, òun ni olórí, kò sì sí fèrè mìíràn tó ń gbà á lẹ́nu. Orin náà jẹ́ apá mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn tí Elvin Jones ti lu agogo idẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan, Jimmy Garrison bẹ̀rẹ̀ sí í fi béèsì sọ gbólóhùn oníohùn mẹ́rin kan, ó ń sọ ọ́, ó tún ń sọ ọ́. Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ dì mú. Bí saxophone bá ti wọlé tí ó sì ti sọ tirẹ̀ dé ibì kan, Coltrane mú ohùn mẹ́rin náà, ó gbé e sókè, ó gbé e sódò, ó gbé e gba orí ohùn méjìlá tí orin ní, bí ẹni tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé láti wò bóyá ọ̀kan wà tí òun kò tíì kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orúkọ àwo náà sórí ohùn mẹ́rin yẹn, léraléra. Ìgbà náà ni ó máa ń yé ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọ̀rọ̀ ni béèsì ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó wá ṣe kókó jù fún yín ni apá kẹrin, tí mo fura pé ẹ kò tíì gbọ́ dáadáa, nítorí ẹ ní kì í dé ìdajì kó tó sú yín. Coltrane kọ ewì àdúrà kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú páálí àwo náà. Nínú apá kẹrin yìí, kò sí bíìtì tó ń lọ déédéé. Elvin Jones ń mú kí ìlù ńlá máa kù lábẹ́, McCoy Tyner ń da kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀, sílẹ̀ lórí dùrù, saxophone sì ń ka ewì náà, sílébù kan fún ohùn kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu. Ẹ wá ewì náà, ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ máa fi ojú tẹ̀ lé e bí fèrè ti ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ lè sọ ìgbà tí gìtá dẹ ohùn láàárín Master of Puppets kò ní í pàdánù ibi tí ìlà kan ti parí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn báyìí, kí ẹ tó padà lọ síwájú. Mo ti rí i tí ó ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ti pa àwo náà tì. Mo sì ti rí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún, tí ìtara Coltrane jẹ́ ẹrù tí wọn kò fẹ́ bá a rù; èmi kò lè pe ìyẹn ní àìgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ Reign in Blood yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ kún fún òótọ́. Orin 10 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì pé ìṣẹ́jú 30. Èyí tó gùn, Angel of Death àti Raining Blood, ló dúró ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Àwọn tó wà láàárín kúrú, wọ́n yára, wọ́n sì jọra. N kò ní í jà yín níyàn pé wọn kò jọra. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí àwo náà ṣe rí nìyẹn nítorí pé wọ́n fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Rick Rubin, tí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nídìí hip-hop, ló bójú tó o ní 1986, ó sì yọ gbogbo ìró gbọ̀ngàn tí àwọn ẹgbẹ́ metal ìgbà náà máa ń wẹ ohùn wọn nínú rẹ̀ kúrò. Ohun tó kù gbẹ, ó sún mọ́ etí, gbogbo ìlù Dave Lombardo sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bó ti wù kó yára tó. Ẹ gbọ́ Angel of Death níbi tí gìtá ti dákẹ́, tí ẹsẹ̀ méjèèjì Lombardo nìkan ń sáré lórí ìlù abẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí gbogbo wọn tó padà ya wọlé. Ẹ tún gbọ́ bí Postmortem ṣe já sínú òjò tó bẹ̀rẹ̀ Raining Blood láìdúró. Mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ gbọ́ àwo náà bí orin kan ṣoṣo tó ní ọ̀nà 10, kí ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí orin 10. Bí ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, jíjọra tó wà láàárín di eré sísá tí kò fẹ́ dúró mí, ìparí rẹ̀ sì di ibi tí eré náà ti já. Lójú tèmi, Master of Puppets ni wọ́n kọ́ dára jù, Reign in Blood ni kò bẹ̀bẹ̀ rárá, mo sì nílò àwo méjèèjì. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé Angel of Death, orin àkọ́kọ́ nínú Reign in Blood, sọ̀rọ̀ nípa Josef Mengele, dókítà Nazi, àti ìwà ìkà rẹ̀ ní àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz, débi pé ilé iṣẹ́ àwo orin Columbia kọ̀ láti pín àwo náà, ilé iṣẹ́ Geffen ló sì wá gbé e jáde. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ nítorí ìyẹn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, máàkì kankan kò sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa àárẹ̀ etí pẹ̀lú, torí pé “ó sú mi” àti “ó rẹ etí mi” kì í ṣe ohun kan náà, a sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Bí ohùn gìtá bá ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ, ẹ̀rọ náà gé orí ìgbì ohùn náà, orí gígé yìí sì ń bí àwọn ohùn mìíràn tó wà lókè ohùn tí a tẹ̀. Òun ló ń fún gìtá metal ní ìró tó ya tó sì nípọn yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà ń tẹ ohùn kìn-ín-ní àti ìkarùn-ún nínú àtẹ ohùn nìkan pọ̀: bí a bá fi ìkẹta kún un, àwọn ohùn tí ẹ̀rọ ń bí yóò máa bá ara wọn jà, gbogbo rẹ̀ yóò sì dàrú. Etí tó ń gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ láìsí ìsinmi máa ń rẹ̀. Bí àwọn tó ṣe àwo náà bá wá tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ibi rírọ̀ àti ibi líle lè dọ́gba, ọ̀ràn di méjì. Death Magnetic ti Metallica, tó jáde ní 2008, ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: orin inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọ́n tì í sókè débi pé ohùn rẹ̀ ń fọ́, àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà sì pariwo. Àbùkù nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni béèsì Jason Newsted tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá nínú ...And Justice for All, ti 1988. Jazz náà ní irú tirẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ọjọ́ àkọ́kọ́ Kind of Blue sílẹ̀ ń rọra yí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà fún ọdún púpọ̀, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ dún sókè díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fọn ọ́n, kí wọ́n tó tún un ṣe nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ẹ ya àbùkù iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ kò fẹ́ràn. Lórí ti àkọ́kọ́, a lè jiyàn kí ẹnì kan sì jàre.

Ọ̀rọ̀ máàkì wá kù. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà báyìí, òṣùwọ̀n kan fún gbogbo àwo, ní àǹfààní kan tí n kò fẹ́ kí a fojú fò: ó fipá mú yín láti jẹ́wọ́ ohun tí ẹ fẹ́ràn gan-an, òun ló sì jẹ́ kí n lè rí ààlà tí mo sọ lókè. Àléébù rẹ̀ ni pé 5 ti A Love Supreme kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá àwo náà kùnà ni tàbí ẹ̀yin ni ẹ kò tíì bá a dé ibi tó ń lọ. Àwọn kan á ní kí ẹ ní òṣùwọ̀n jazz lọ́tọ̀, òṣùwọ̀n metal lọ́tọ̀. Ó dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò ní í ràn yín lọ́wọ́, torí pé àárín jazz pẹ̀lú jazz, àti àárín metal pẹ̀lú metal, gan-an ni ìṣòro yín wà. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ pa máàkì tì pátápátá. Èmi kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gbádùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ kọ ìlà méjì sábẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan: kí ni àwo yìí ń gbìyànjú láti ṣe, ìṣẹ́jú wo ni ọkàn mi sì kúrò níbẹ̀? Èrò tó bá sọ pé “ọkàn mi kúrò nínú apá kejì A Love Supreme nígbà tí dùrù gba sóló” wúlò fún mi ju 5 lọ, ó sì wúlò ju 10 ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ pẹ̀lú. Kí ẹ má sì fún àwo kankan ní máàkì lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Fún ẹni tí etí rẹ̀ wà níhà méjèèjì bíi tiyín, àwọn àwo kan wà lójú ààlà tí ẹ ó fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdàpọ̀ ló ṣe ọmọ ire. The Inner Mounting Flame ti Mahavishnu Orchestra, ti 1971, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: John McLaughlin, tó ti bá Davis lu gìtá nínú Bitches Brew, fi agbára rock àti ìmọ̀ jazz sínú báà tí iye bíìtì rẹ̀ kì í ṣe mẹ́rin. Láti ìhà metal, Unquestionable Presence ti Atheist jáde ní 1991, Focus ti Cynic sì tẹ̀ lé e ní 1993. Mo fẹ́ràn Focus gidigidi, nítorí pé kò fi jazz ṣe ọ̀ṣọ́. Ìlù Sean Reinert àti béèsì Sean Malone ń mí bíi ti ẹgbẹ́ jazz nígbà tí gìtá ṣì ń jagun. Meshuggah, àwọn ọmọ Sweden, kì í ṣe jazz, ṣùgbọ́n sóló Fredrik Thordendal, onígìtá wọn, jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Allan Holdsworth, onígìtá tó da jazz pọ̀ mọ́ rock, gìtá wọn sì máa ń yí lórí iye bíìtì tó ṣàjèjì nígbà tí ọwọ́ onílù ṣì ń ka mẹ́rin lókè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka báà 32 nínú So What, ẹ ó rí iṣẹ́ níbẹ̀. Blackjazz ti ẹgbẹ́ Shining láti Norway, ti 2010, ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí pé saxophone inú rẹ̀ kò ní àánú.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ràn mi kò lè dé. Bí ó bá jẹ́ pé bíbú ramúramù akọrin death metal ló ń lé yín sá, tàbí ìgbe saxophone Coltrane nígbà tí ó bá gun òkè pátápátá, àlàyé kì í sábà yí ìyẹn padà. Mo lè sọ ìdí tí akọrin fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbà á, kí ara yín sì tún kọ̀ ọ́. Ohùn ènìyàn àti ohun tó bá jọ ọ́ máa ń wọ inú wa láìgba ọ̀nà ìrònú kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àwo tí kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín pọ̀ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kẹrin A Love Supreme pẹ̀lú ewì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ gbọ́ Reign in Blood láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ohùn má sì ga jù. Bí 5 bá ṣì dúró ní 5 lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọkàn yín kúrò níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N ó lọ gbọ́ ìṣẹ́jú náà gan-an, n ó sì dá yín lóhùn lórí rẹ̀.